Ṣé ó burú ká ní owó la fẹ́, a ò fẹ́ kúlà?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ Àǹtí. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ọmọ Pakata n'Ílọrin lẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ó ku oṣù méjì, yìgì àti ìnáwó ọjọ́ kan náà, n'Ílọrin. Abuja la máa gbé, yàrá kan àti pálọ̀ la rí gbà, owó ilé yẹn sì ti gbọ́n àpò wa gbẹ. A ò níbi tá a máa kó ẹrù sí, a ò sì lówó mọ́tò tó máa kó o. A wá ní ká kọ nọ́ńbà àkáàǹtì sísàlẹ̀ kádì, ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó la fẹ́, ẹ má gbé ẹ̀bùn wá. Màmá mi rí i, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní ọmọ ta ló ń fi kádì ìpè ṣagbe. Ṣé ohun tó burú la ṣe ni? Tí wọ́n bá sì tún gbé kúlà wá ńkọ́, ṣé a lè tà á?"

Àbúrò mi, o ṣe dáadáa bó o ṣe béèrè kí kádì tó jáde. Iṣẹ́ alága ìdúró àti alága ìjókòó ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún 15, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù abọ́ màmá mi l'Ọ́jà Ọba ni mo dàgbà sí, àárín kúlà àti fláàsìkì àti abọ́ tanganran. Mo mọ ohun táwọn èèyàn ń rà lọ síbi ìyàwó, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń dúnàádúrà ẹ̀ bíi pé ọ̀tá ni wọ́n fẹ́ rà á fún, mo tún mọ ohun tí ìyàwó ń fi ṣe lẹ́yìn ìnáwó. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn màmá ẹ, màá padà wá gbè sẹ́yìn ẹ.

Owó fúnra ẹ̀ kì í ṣe àjèjì níbi ìyàwó tiwa. Lọ́jọ́ ìdána, èmi tó o rí tí mo dúró yẹn, owó ni mò ń tọrọ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi gbé oúnjẹ wá. Owó ìkànlẹ̀kùn, owó ìwé kíkà, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìjọ́hẹn, owó ìṣíjú, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé, tí n bá tún rí i pé àwọn àna lówó lọ́wọ́, màá dá owó míì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ẹnì kankan ò gbọ́ rí. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé mò ń ṣagbe, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín tí wọ́n ń tọwọ́ bàpò. Kí ló dé tí ìyẹn ò fi tini lójú? Torí ẹni tó ń tọrọ ọ̀tọ̀, ẹni tó máa gbà á ọ̀tọ̀. Ìyàwó wà nínú yàrá, kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀ náà ti mọ̀ látilé, ó ti ṣẹ́ owó kéékèèké sápò, eré la jọ ń ṣe.

Kádì tìẹ wá ńkọ́? Ìyàwó fúnra ẹ̀ ló ń tọrọ, gbogbo ayé ló tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Ohun míì ni pé kádì yẹn kì í ṣe tìẹ. Wo orí ẹ̀ dáadáa, orúkọ bàbá ẹ àti màmá ẹ àti ti àwọn òbí ọkọ ẹ ló wà lókè, pé ìdílé báyìí àti ìdílé báyìí ń fi tayọ̀tayọ̀ pè yín. Kádì yìí máa dé ọ̀dọ̀ àáfáà tó kọ́ bàbá ọkọ ẹ ní kéwú, á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá bàbá ẹ níbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà agbolé ní Pakata tó jẹ́ pé góòrò ni wọ́n fi ń pè wọ́n síbi yìgì kí kádì tó dáyé. Tí wọ́n bá rí nọ́ńbà báńkì nísàlẹ̀ orúkọ bàbá ẹ, bàbá ẹ ni wọ́n máa rò pé ó ń tọrọ. Ohun tí màmá ẹ ń sunkún sí nìyẹn, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ lówó.

"Ẹ má gbé ẹ̀bùn wá" yẹn ló wá burú jù. N'Ílọrin ńbí, ẹrù ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, àwọn ìyá kan wà tí wọ́n ti ń rà á sílẹ̀ fún ọmọ láti kékeré. Mo rí ọ̀kan, n ò ní dárúkọ ìdílé. Wọ́n kọ ọ́ sára kádì pé owó nìkan. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó, ìyá àgbà kan, ti kó nǹkan jọ fún ọmọ yẹn látìgbà tó wà ní ilé kéwú, ìkòkò irin mẹ́ta, bàsíà, aṣọ òfì tí wọ́n hun lágbolé wọn. Ẹnì kan ló ka kádì yẹn fún wọn. Wọn ò fọhùn. Wọ́n wá síbi ìyàwó lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n jẹun, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ sílé wọn. Ìgbà tí ìyàwó yẹn bímọ la tó gbọ́ pé ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ fún. Òfì yẹn, mo rí i lọ́rùn ọmọ ẹlòmíì yẹn, ó dáa débi pé inú mi bà jẹ́ nítorí ẹni tí kò gbà á.

Mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i. Ẹ rí i lórí fóònù pé àwọn òyìnbó máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ kí àlejò yàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìtajà kan ní Chicago tí wọ́n ń pè ní Marshall Field's ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti 1924, àmọ́ abọ́ àti ṣíbí ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ o, àwọn àgbà tiwọn náà ò gbà pé ó bójú mu kéèyàn kọ owó sára kádì. Tó o bá fẹ́ ibi tí owó ti jẹ́ ẹ̀bùn gidi, Japan ni kó o wò. Owó ni àlejò ń gbé wá níbẹ̀, owó tuntun tí wọ́n fi sínú énfílọ́ọ̀pù tí wọ́n so okùn ọ̀ṣọ́ mọ́, 30,000 yen ló wọ́pọ̀ láàárín ọ̀rẹ́, wọn kì í sì sábà fẹ́ kí iye bébà owó tó wà nínú ẹ̀ ṣeé pín sí méjì ọgbọọgba, kí tọkọtaya má baà pín. Ìyàwó ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àṣà ti béèrè fún un.

Ó yá, wàyí o, mo ti dé ẹ̀yìn ẹ. Kò burú kẹ́ ẹ fẹ́ owó. Yàrá kan àti pálọ̀ l'Abuja, kí lẹ fẹ́ fi kúlà mẹ́sàn-án ṣe? Ìgbà tí èmi ṣe tèmi, aago ògiri méje ni mo gbà. Méje! Ògiri mẹ́rin ni yàrá wa ní. Gbogbo wọn ò fẹnu kò lórí aago tó ń lù, ọkọ mi á ní ta ló ń sọ òótọ́ nínú wọn. Ẹ̀bùn tó máa wúlò ló yẹ kéèyàn gbà, ẹni tó ń fúnni náà á fẹ́ kóhun tóun náwó lé lórí wúlò. Ohun tó kù ni bó ṣe máa dé etí wọn.

Kí ni wọ́n ń ki ìlú ọkọ ẹ? Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀. Ẹnu yẹn ni kẹ́ ẹ lò, kì í sì í ṣe ẹnu tìẹ.

Wá ọ̀rẹ́ kan tàbí àǹtí ẹ kan tí ẹnu ẹ̀ dùn, tí kì í kánjú, kó jẹ́ òun ni yóò máa sọ ọ́. Àwọn tẹ́ ẹ jọ lọ síléèwé, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn yẹn rọrùn, ó lè kọ ọ́ sórí Wáàsápù fún wọn lọ́tọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú kádì, kó jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí kádì ti dé ọwọ́ wọn. Tó bá jẹ́ èmi, màá kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ìyàwó wa ń lọ Abuja o, ilé tí wọ́n rí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tó bá ti ní in lọ́kàn láti gbé nǹkan dání, ẹ jẹ́ ká pa á pọ̀ ká fi ra fíríìjì kan fún wọn. Èmi ni mò ń kó o jọ, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹni tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ la fẹ́ rí, kó má torí ìyẹn jókòó sílé."

Wò ó, kò sí nọ́ńbà àkáàǹtì níbẹ̀, ẹni tó bá béèrè ló máa gbà á. Kò sí iye níbẹ̀ náà. Fíríìjì la dárúkọ, torí èèyàn á rọra fún fíríìjì ju kó fún "àkáàǹtì" lọ, ọkàn ẹ̀ á lè rí ohun tí owó òun wọ̀. Ẹ má wá fi owó fíríìjì sanwó ilé o, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé owó ilé lẹ máa fi san, ẹ sọ pé owó ilé, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ta ni kò mọ owó ilé Abuja.

Ti àwọn àgbà ọ̀tọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi Wáàsápù ránṣẹ́ sí àgbà pé kó mú owó wá. Tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní nǹkan, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ màmá ẹ fúnra wọn, "kí làwọn ọmọ wọ̀nyí nílò?", ibẹ̀ ni kí màmá ẹ ti dáhùn, pé "ẹ ṣeun gan-an, àdúrà yín ló ṣe kókó, àwọn ọmọ náà ń lọ sọ́nà jíjìn, ohun tó bá fúyẹ́ ni wọ́n lè gbé." Ó tán. Àgbà tó bá gbọ́ "ohun tó bá fúyẹ́" ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí. Tí ó bá ṣì gbé ìkòkò irin wá lẹ́yìn ìyẹn, á jẹ́ pé ìkòkò irin ló wù ú láti fún yín, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ gbà á kẹ́ ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ fi sílé màmá ẹ l'Ọ́fà títí ẹ máa fi nílé tó fẹ̀.

Lọ́jọ́ ìnáwó gan-an, ẹ kìlọ̀ fún ẹ́msíì yín ṣáájú. Mo wà níbi kan, àáfáà ò tíì ṣe àmín tán, ẹ́msíì ti gba máíkì, ó ń ka nọ́ńbà àkáàǹtì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tún gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lẹ́yìn ìyàwó. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wojú mi, wọ́n ní, "Alága, ṣé a ti jẹ wọ́n ní gbèsè ni?" Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ojú tì mí fún àwọn ọmọ yẹn. Ẹ gbé tábìlì kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà, kí ìyá kan tó ṣeé fọkàn tán jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí tí wọ́n tì, àti ìwé, àti énfílọ́ọ̀pù òfìfo fún ẹni tó bá gbàgbé tiẹ̀. Ìyá ni mo wí o, mi ò wí ọ̀rẹ́ ẹ tó fẹ́ jó. Ẹni tó bá fẹ́ jó kò lè ṣọ́ àpótí.

Énfílọ́ọ̀pù yìí tún yọ yín nínú ọ̀rọ̀ náwó náwó. Òfin báńkì àgbà tí wọ́n ṣe ní 2007, abala 21, ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà tàbí tó ń jó lórí ẹ̀ níbi ìnáwó, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Àwọn èèyàn rò pé àwàdà ni títí di 2024 tí ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó fi gbajúmọ̀ kan sẹ́wọ̀n oṣù 6 láìfún un láǹfààní owó ìtanràn. Tó o bá ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ pé kí wọ́n fi sínú énfílọ́ọ̀pù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò mọ́, ìwọ lò ń gbà wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkáàǹtì, jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo àkáàǹtì ọ̀rẹ́, ẹ má lo ti ẹni POS àdúgbò. Mo mọ tọkọtaya kan tí ọ̀rẹ́ ọkọ bá wọn gba owó, títí di òní wọn ò mọ iye tó wọlé, òun náà ní òun ti fún wọn tán, ọ̀rẹ́ ogún ọdún bà jẹ́ síbẹ̀. Kí àkáàǹtì jẹ́ tìẹ tàbí ti ọkọ ẹ, tàbí èyí tẹ́ ẹ jọ ṣí lórúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ìyẹn ló wù mí jù. Tó bá jẹ́ tìẹ, rántí pé orúkọ bàbá ẹ ló wà lórí ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ẹ ò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà tí orúkọ tí wọn ò mọ̀ yọ, wọ́n á rò pé yàhúù ni, wọ́n á dá owó dúró. Kí ẹni tó ń fún wọn ní nọ́ńbà máa fi orúkọ kún un. Tó bá sì jẹ́ irú àkáàǹtì tẹ́ ẹ ṣí lórí fóònù láìfún báńkì ní ìwé kankan, ó ní iye tí kò lè kọjá, owó lè máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò ẹ̀ jù, ẹ lọ parí ìwé yín ní báńkì nísinsìnyí tí oṣù méjì ṣì wà.

Sàdáàkì, ìyẹn ohun tí ọkọ fún ẹ nítorí yìgì, ò sí nínú àpò yẹn o. Tìẹ nìkan nìyẹn, Kùránì orí 4 ẹsẹ 4 ti sọ ọ́ pé kí wọ́n fún àwọn obìnrin ní sàdáàkì wọn, àfi tí wọ́n bá fi tinútinú yọ̀ǹda níbẹ̀. Mo ń sọ ọ́ torí mo ti rí ibi tí ọkọ ti ní ká jọ dà á pọ̀ mọ́ owó àlejò, ìyàwó tuntun ò lè sọ pé rárá.

Kí ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, látorí ₦1,000 dé ibi tó bá dé, orúkọ àti iye, ti énfílọ́ọ̀pù àti ti tíránsífà. Kì í ṣe nítorí kẹ́ ẹ máa fi wo ẹni tó láwun. Owó yìí máa padà lọ. Ẹni tó fún ẹ ní ₦5,000 lónìí, tó bá di ọjọ́ tí àbúrò ẹ̀ ń ṣe ìyàwó, wàá ṣí ìwé yẹn. Ìwé màmá mi ṣì wà nílé, ewé ẹ̀ ti pọ́n, náírà márùn-ún márùn-ún ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń san án padà títí wọ́n fi darúgbó.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? O ò sọ̀rọ̀ ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé ó wà. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí yín ti fún yín lówó, pàápàá tẹ́ ẹ bá jèrè lórí ẹ̀, ẹ má pa irọ́ fún mi. Ẹ má wá tún fi Wáàsápù fíríìjì ránṣẹ́ sírú ẹni bẹ́ẹ̀ o. Ká ra aṣọ, ká rán an, ká wọ mọ́tò láti Ọ̀fà, ká dé ibẹ̀ ká tún bá àpótí. Ọmọge, ó ti pọ̀ jù. Ó wù mí kẹ́ ẹ yan ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá mú fíríìjì, ẹ jẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ wọ aṣọ tí wọ́n ní sílé, ẹ kàn dárúkọ àwọ̀ kan fún wọn.

Ní ti pé agbe ni, mo bi àáfáà kan tá a jọ máa ń pàdé níbi yìgì. Ó rán mi létí hádíìsì méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ òkè sàn ju ọwọ́ ìsàlẹ̀ lọ, ìkejì ní ẹ máa fún ara yín lẹ́bùn kẹ́ ẹ lè fẹ́ràn ara yín. Ó ní ẹni tó bá na ọwọ́ ìsàlẹ̀ jáde ló ń ṣagbe, ẹni tí wọ́n na tòkè sí, ẹ̀bùn ló gbà. Mo fi ìyẹn lọ̀ màmá ẹ, kó o kà á sí wọn létí.

Sọ fún wọn náà pé ẹ ti yọ nọ́ńbà àkáàǹtì kúrò lára kádì, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ nìyẹn, kó o tó sọ ìyókù. Kó o wá bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa yan ìyá tó máa jókòó ti àpótí. Màmá tó ń sunkún nítorí kádì lóṣù yìí, wàá rí i, lọ́jọ́ yẹn àwọn ni wọ́n á máa bi gbogbo èèyàn pé "ṣé ẹ ti rí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà?"

Lẹ́yìn ìnáwó, ẹ pe àwọn àgbà lórí fóònù, ẹ má fi Wáàsápù dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Àwọn ọ̀rẹ́, ẹ ya fọ́tò fíríìjì yẹn ránṣẹ́ sí wọn, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀ kí wọ́n rí omi tútù nínú ẹ̀.

Ó wá ku kúlà. Ṣé ẹ lè tà á? Ẹ lè tà á, ẹ lè fi tọrẹ, tiyín ni. Àmọ́ ẹ má tà á n'Ílọrin, ẹ má sì tà á l'Ọ́fà. Kúlà mẹ́ta lèmi dá padà fún màmá mi nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìyàwó mi, wọ́n nù wọ́n, wọ́n tò wọ́n, wọ́n tà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn aláwọ̀ búlúù, ó ní àpá kékeré kan lábẹ́ ìdérí ẹ̀ níbi tí mo ti fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ọdún kejì, mo lọ ṣe alága níbi ìyàwó kan l'Ájàṣẹ́, mò ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn àlejò mò ń to wọ́n, ẹni tó fún mi ní kúlà yẹn lọ́jọ́sí yọ láàárín èrò, ó fi tayọ̀tayọ̀ gbé kúlà búlúù fún mi, mo ṣí ìdérí ẹ̀, mo rí àpá mi.